Bọ́tìnì pupa inú ẹ̀rọ amómigbóná mi ń fò léraléra, omi rẹ̀ kò sì kọjá lọ́wọ́ọ́rọ́

Onílé Kejì béèrè:

Ẹ̀yin ọ̀gá mi àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ amómigbóná ilé wa ni mo gbé wá, nítorí ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ó ti ń dà mí láàmú, n kò sì fẹ́ fi àìmọ̀ dá kún ìbàjẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ tí ó ń lo iná mànàmáná ni, èyí tí a gbé kọ́ ara ògiri, tí àgbá rẹ̀ ń gba omi 50 lítà. Ohun tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀ ni 230 fólítì àti 1500 wáàtì. Ọdún keje rẹ̀ nìyí, a kò sì tíì tú inú rẹ̀ wò rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e kọ́.

Bí mo bá tan án, iná kékeré iwájú rẹ̀ yóò tàn, n óò sì máa gbọ́ ìró kan nínú àgbá náà, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń da òkúta wẹ́wẹ́ sórí páànù díẹ̀díẹ̀. Kí ó tó pé ogójì ìṣẹ́jú, iná kékeré náà yóò kú. Bí mo bá wá ṣí omi, lọ́wọ́ọ́rọ́ ni yóò máa jáde, bí mo tilẹ̀ yí ìlà òṣùwọ̀n rẹ̀ dé ibi tí ó ga jù lọ. Ẹnì kan tí ó wá kí wa fi bọ́tìnì pupa kékeré kan hàn mí lábẹ́ ìdérí ìsàlẹ̀, ó ní kí n máa tẹ̀ ẹ́ wọlé. Mo ń tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ náà sì ń padà ṣiṣẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tí a wà yìí, ó ti di ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́. Bíréékà ilé kò já rí nínú gbogbo rẹ̀.

Nǹkan kejì ni ti fáàfù idẹ kékeré tí ó wà lára páìpù omi tútù lábẹ́ ẹ̀rọ náà. Omi máa ń kán níbẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ bá ń gbóná, a sì ti gbé ike kan sí abẹ́ rẹ̀. Ẹnì kan nínú ilé ní kí a wá nǹkan fi dí i, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò gbà á.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, ṣé thermostat, ìyẹn ohun tí ń gé iná bí omi bá ti gbóná tó, ni ó ti bàjẹ́, kí n kàn ra òmíràn kí n fi rọ́pò rẹ̀? Kí ni kí n ṣe sí omi tí ó ń kán? Ṣé ewu sì wà nínú bí mo ṣe ń tẹ bọ́tìnì náà ní gbogbo ìgbà?

Oníná Àtijọ́ dáhùn:

Ẹ kú ìdààmú, Onílé Kejì. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo ti fi ń bá wáyà ṣe, ẹ̀rọ amómigbóná sì wà lára ohun tí wọ́n máa ń pè mí sí jù lọ. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbéèrè yín tí ó kẹ́yìn, torí òun ni ó ká mi lára jù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tẹ bọ́tìnì yẹn mọ́ títí a ó fi mọ ohun tí ó ń mú un fò. Iṣẹ́ tí wọ́n fi rán an ni pé kí ó gé iná bí ooru ibi tí ó wà bá ti kọjá ààlà, èyí tí ó sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí 80°C sí 90°C lára irú ẹ̀rọ yín. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kí ó má lè padà wọlé fúnra rẹ̀ ni, kí onílé lè mọ̀ pé nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀. Bí ó bá fò ní ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọdún méjì tàbí mẹ́ta, n kò ní yọ ara mi lẹ́nu. Èyí tí ó ń fò ní ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ ti ń ké gbàjarè.

Thermostat lè bàjẹ́ lóòótọ́, àmọ́ n kò rò pé òun ni. Ohun tí ó máa ń ṣe é jù ni pé irin kékeré méjì tí ó ń pàdé nínú rẹ̀ yóò jó mọ́ ara wọn, wọn kò sì ní lè yà mọ́. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, iná kò ní gé nígbà tí omi bá gbóná tó; gbogbo omi inú àgbá yóò máa gbóná lọ títí bọ́tìnì pupa yóò fi fò, omi tí ó máa jáde lẹ́nu ẹ̀rọ yóò sì gbóná débi pé yóò bó ènìyàn lára. Ti yín yàtọ̀ sí èyí. Omi yín ṣì wà ní lọ́wọ́ọ́rọ́ nígbà tí bọ́tìnì fò. Ìtumọ̀ èyí ni pé ooru wà, ó tilẹ̀ pọ̀ ju bí ó ṣe yẹ lọ, ṣùgbọ́n ó há sí ibì kan nítòsí bọ́tìnì náà, kò rí ọ̀nà tàn dé inú omi. Bí ẹ bá ra thermostat tuntun lónìí, ti tuntun náà yóò máa fò bákan náà, torí pé a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ìró òkúta wẹ́wẹ́ tí ẹ ń gbọ́ ni ó jẹ́ kí n mọ ibi tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ọ̀pọ̀ omi ni ó ní ẹfun nínú, bí a kò tilẹ̀ lè fi ojú rí i. Ẹfun yìí kò ṣe bí iyọ̀ tàbí ṣúgà tí ó máa ń yòrò sí i bí omi bá ti ń gbóná. Òun máa ń já sílẹ̀ ni, bí omi bá ṣe gbóná tó ni yóò ṣe já sílẹ̀ tó. Níwọ̀n ìgbà tí ó sì jẹ́ pé ara ẹ́límẹ́ǹtì, irin tí iná ń mú gbóná láti fi se omi, ni ibi tí ó gbóná jù nínú àgbá, ibẹ̀ ni yóò lẹ̀ mọ́, yóò di èépá funfun, èyí tí ó bá já bọ́ yóò sì di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ní ìdí àgbá. Omi díẹ̀ tí ó bá há sí abẹ́ èépá náà ni ó ń hó lójijì tí ó ń bẹ́, òun ni ẹ ń gbọ́ bí òkúta. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ti thermostat bọ̀ sì wà láàárín ẹ́límẹ́ǹtì gan-an. Nígbà tí èépá bá ti so ọ̀pá àti ẹ́límẹ́ǹtì pọ̀ di ọ̀kan, ooru ẹ́límẹ́ǹtì ni ọ̀pá ń gbà sára, kì í ṣe ooru omi.

Kò wá tán síbẹ̀ o. Ìdè wáyà tí ó ti dẹ̀ lè máa gbóná lábẹ́ ìdérí kí ó sì mú bọ́tìnì fò. Bọ́tìnì fúnra rẹ̀ náà sì lè rẹ̀ kí ó máa fò láìtó àkókò. Kí ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fún yín láyè láti tẹ̀ ẹ́ sí i, kí ẹ sì dúró tì í. Bí iná kékeré bá ti kú, ẹ ṣí omi gbígbóná sínú ife kan, kí ẹ fi òṣùwọ̀n ooru wò ó, kí ẹ sì kọ iye tí ẹ rí sílẹ̀ pẹ̀lú iye ìṣẹ́jú tí ó gbà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ pa bíréékà ẹ̀rọ náà. Súìṣì ara ògiri nìkan kò tó, nítorí pé àwọn súìṣì kan wà tí wáyà kan ṣoṣo ni wọ́n ń gé, bí ẹni tí ó so wọ́n bá sì ti gbé wáyà sódì, iná yóò ṣì wà lára ẹ́límẹ́ǹtì bí súìṣì tilẹ̀ ti kú. Ẹ fi mítà kọ́kọ́ wo ibì kan tí ẹ mọ̀ dájú pé iná wà, kí ẹ rí i pé mítà náà ń sọ òótọ́. Ẹ wá fi wo ẹnu wáyà méjèèjì inú ẹ̀rọ, ẹ wò wọ́n sí ara wọn, kí ẹ sì wo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sí wáyà ilẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ padà síbi àkọ́kọ́ láti mọ̀ pé mítà kò kú sí yín lọ́wọ́ láàárín méjì. Ọ̀rẹ́ mi kan nínú iṣẹ́ yìí fo ìgbésẹ̀ kẹta yìí ní ọjọ́ kan, bátìrì mítà rẹ̀ ti tán láìmọ̀, iná sì gbé e lulẹ̀ láti orí àkàbà. Ó yè é, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún kò padà bọ̀ sípò tán.

Bí ó bá ti dájú pé kò sí iná, ẹ yọ wáyà kúrò lára ẹ́límẹ́ǹtì kí ẹ wọn ìdènà rẹ̀. Ẹ sọ fólítì di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, kí ẹ pín in sí wáàtì: 230 lọ́nà 230, tí a pín sí 1500, jẹ́ nǹkan bí 35 óòmù, èyí tí a fi ń wọn ìdènà. Bí mítà bá fi iye tí ó súnmọ́ èyí hàn, ẹ́límẹ́ǹtì kò tíì já. Bí kò bá fi nǹkan kan hàn, ó ti já nínú. Ẹ wá fi ẹnu mítà kan sí ẹnu ẹ́límẹ́ǹtì, kí ẹ fi èkejì sí ara àgbá. Níbi yìí, ohun tí a ń fẹ́ ni pé kí mítà má rí ọ̀nà kankan rárá. Bí ẹ kò bá tíì di mítà mú rí, ẹ pe oníná kan kí ó bá yín ṣe apá yìí, kí ẹ sì dúró tì í.

Aṣepáìpù dáhùn:

Gbogbo ohun tí ọ̀gá Oníná Àtijọ́ sọ ni mo fara mọ́. Ọ̀rọ̀ omi tí ó ń kán ni mo fẹ́ mú, torí ó ku díẹ̀ kí àyà mi já nígbà tí mo ka ibi tí wọ́n ti ní kí ẹ dí i.

Ẹ má dí i láéláé. Omi máa ń fẹ̀ bí ó bá ń gbóná. Lítà 50 omi tí ó bá kúrò ní 20°C tí ó dé 60°C yóò fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lítà kan pọ̀ sí i, àgbá irin kò sì lè nà bíi rọ́bà. Nínú fáàfù kékeré yẹn, ohun kan wà tí kì í jẹ́ kí omi padà sẹ́yìn sínú páìpù tí ó ti wá, nítorí náà bí gbogbo ẹnu ẹ̀rọ ilé bá wà ní pípa, ẹnu fáàfù yìí nìkan ni àlékún náà lè gbà jáde. Ó máa ń ṣí bí agbára omi inú àgbá bá dé iye tí wọ́n kọ sí i lára, èyí tí ó sábà máa ń jẹ́ 7 tàbí 8 bar (bar ni a fi ń wọn agbára tí omi fi ń ti nǹkan). Èyí tí ó ń kán nígbà tí ẹ̀rọ ń gbóná, tí ó sì dáwọ́ dúró bí ó bá tutù, iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ń ṣe. Ẹ fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí i lẹ́nu tí yóò máa darí omi náà lọ síbi tí omi ìdọ̀tí ń gbà, kí ẹnu rọ́bà náà ṣí sílẹ̀, kí ó sì dojú kọ ìsàlẹ̀.

Èyí tí ó yẹ kí ó kó ìrònú bá yín ni bí ó bá ń kán ní òru nígbà tí ẹ̀rọ ti kú tí omi sì tutù. Nígbà náà, ó lè jẹ́ pé ìdọ̀tí há sí i lẹ́nu, ó sì lè jẹ́ pé agbára omi tí ń wọlé ti pọ̀ jù, tí ẹ fi nílò fáàfù tí ń dín in kù lórí páìpù àbáwọlé. Ẹ tún máa gbé ọwọ́ kékeré orí fáàfù náà sókè lẹ́ẹ̀kan lóṣù kí omi díẹ̀ tú jáde, torí ẹfun tí ń ba ẹ́límẹ́ǹtì jẹ́ lè dì í pa pẹ̀lú.

Nípa títú inú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí omi tutù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ti omi tútù tí ń wọlé, kí ẹ sì ṣí ẹnu ẹ̀rọ omi gbígbóná kan nínú ilé kí afẹ́fẹ́ lè ríbi wọlé. Bí afẹ́fẹ́ kò bá wọlé, omi kò ní jáde, ẹ ó sì rò pé àgbá ti ṣófo nígbà tí ó ṣì kún. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni mo ti rí tí wọ́n tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ lórí èrò bẹ́ẹ̀, tí omi sì da bo wọn. Bí àwo irin ìsàlẹ̀ bá ti sọ̀ kalẹ̀, ẹ ó rí ẹ́límẹ́ǹtì, ẹ ó sì rí ọ̀pá irin magnesium kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀pá yìí ni omi ń jẹ dípò àgbá. Wọ́n fi nǹkan dídán bí ojú àwo tánganran bo inú àgbá kí ó má dípẹtà, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí kò ní ihò tín-ín-tìn-ìn-tín níbì kan, bí magnesium bá sì ti tán, ojú ihò wọ̀nyẹn ni ìpẹtà yóò gbà wọlé. Àgbá tí ó bá ti lu kò ní àtúnṣe. Láti ọdún méje tí ẹ kò ti tú u, n kò rò pé nǹkan púpọ̀ kù lára ọ̀pá yín.

Ẹ má fi irin ha inú àgbá, kí ẹ má baà ṣá ohun dídán náà. Ọwọ́ àti igi ni kí ẹ fi kó gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, kí ẹ sì fi omi ṣàn án. Ẹ lè rẹ ẹ́límẹ́ǹtì sínú fínígà di ọjọ́ kejì, kí ẹnu ibi tí wáyà ń dé má kan fínígà náà. Ẹ kò gbọ́dọ̀ po fínígà mọ́ bílíìṣì tí a fi ń fọ aṣọ funfun, torí afẹ́fẹ́ olóró ni méjèèjì máa ń mú jáde. Rọ́bà tí ó wà láàárín àwo irin àti àgbá, tuntun ni kí ẹ fi sí i. Èyí tí ó ti gba ooru fún ọdún méje ti gan, kò ní dí ojú ibẹ̀ dáadáa mọ́.

Ọ̀nà Kúkúrú dáhùn:

Èmi kò mọ̀ pé ó tó gbogbo èyí. Ohun kan náà ni tèmi ń ṣe ní ọdún tí ó kọjá; ẹni tí ó bá mi tún un ṣe yọ wáyà méjì tí ó wọ ara bọ́tìnì pupa, ó so wọ́n pọ̀ tààrà, ó sì wé e ní téèpù. Oṣù kẹjọ rẹ̀ nìyí, omi mi ń gbóná, kò sì sí wàhálà kankan. Ẹ lè gbìyànjú rẹ̀ kí ẹ tó máa tú àgbá.

Oníná Àtijọ́ dáhùn:

Ọ̀nà Kúkúrú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun, ẹ lọ pa bíréékà ẹ̀rọ yẹn kí ẹ tó ka ìyókù ohun tí mo fẹ́ sọ. N kò bá yín jà, ẹ̀rù ẹ̀mí yín àti ti àwọn tí ẹ jọ ń gbé ni ó ń bà mí.

Nísinsìnyí, thermostat nìkan ni ó kù tí ó ń dá omi yín dúró. Lọ́jọ́ tí irin inú rẹ̀ bá jó mọ́ ara wọn, kò sí ohun tí yóò tún gé iná. Omi yóò kọjá 100°C láìhó, torí pé inú àgbá tí a ti pa ni ó wà, agbára tí ó ń tì í kò sì jẹ́ kí ó di èéfín omi. Fáàfù nìkan ni ìrètí tí ó kù. Bí ẹfun bá sì ti dì í pa, àgbá ni yóò fàya. Ní kété tí ó bá fàya, omi tí ó ti gbóná kọjá ààlà yẹn yóò rí àyè, apá kan rẹ̀ yóò sì di èéfín omi lójú ẹsẹ̀. Omi tí ó bá di èéfín máa ń gba àyè tí ó tó nǹkan bí ìlọ́po 1,600 èyí tí ó gbà tẹ́lẹ̀. Irú agbára bẹ́ẹ̀ ti gbé àgbá gba inú òrùlé jáde rí, ó sì ti wó ògiri ilé. Oṣù mẹ́jọ láìsí wàhálà kò fi hàn pé ohun tí ó ṣe dára. Ohun tí ó fi hàn ni pé thermostat yín kò tíì bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n dá wáyà bọ́tìnì náà padà sí ipò rẹ̀, kí wọ́n sì wá ohun tí ó ń mú un fò. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe é má ṣe jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ náà.

Onílé Kejì padà wá:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ní kí n jábọ̀ fún yín ní ẹsẹẹsẹ.

Mo tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀kan gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ti wí, mo sì jókòó tì í. Ìṣẹ́jú 38 ni ó lò kí ó tó fò, omi inú ife sì jẹ́ 41°C. Mo pe oníná kan tí ó ń gbé nítòsí wa, mo sì fi ohun tí ẹ kọ hàn án. Inú rẹ̀ dùn sí i, ó sì ṣe ìgbésẹ̀ mítà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta níṣojú mi. Nígbà tí ó fi sikirudíráfà kan àwọn ìdè wáyà, ọ̀kan yí tó ìlàjì kí ó tó mú, ike tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ sì ti pọ́n bí ẹni pé wọ́n yan án. Ìyẹn ni pé ohun méjì ni ó ń ṣe ẹ̀rọ yìí pa pọ̀, èmi tí mo ń tẹ bọ́tìnì kò mọ ọ̀kankan. Ó gé ẹnu wáyà tí ó ti jó náà, ó sì pààrọ̀ ibi ìdè náà. Ẹ́límẹ́ǹtì jẹ́ 34.8 óòmù, mítà kò sì rí ọ̀nà kankan láàárín rẹ̀ àti ara àgbá.

Omi tí a tú jáde mọ́ lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ó funfun bí omi ògì, lẹ́yìn náà ó dáwọ́ dúró pátá. A ti ṣí ẹnu ẹ̀rọ lókè, nítorí náà a mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ń wọlé. Oníná náà fi ọwọ́ gbá ara àgbá, ìró rẹ̀ kò dún bí ohun tí ó ṣófo. A fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tọ́ ẹnu ibi tí omi ń gbà, nǹkan kan wó lulẹ̀ nínú, omi sì tún bẹ̀rẹ̀ sí dà. Ọlọ́run ni kò jẹ́ kí a ti tú nọ́ọ̀tì.

Nígbà tí àwo irin sọ̀ kalẹ̀, n kò kọ́kọ́ mọ èwo ni ẹ́límẹ́ǹtì. Odidi nǹkan funfun kan ni, ó nípọn tó ọrùn ọwọ́ mi, ẹ́límẹ́ǹtì àti ọ̀pá thermostat sì ti wọ inú rẹ̀ bí ìgbà tí a bá fi símẹ́ńtì mọ wọ́n pọ̀. Mo fi àtàńpàkò tẹ̀ ẹ́, apá kan bọ́ sílẹ̀ ní pẹlẹbẹ bí èèpo ẹyin, ìlà sì wà nínú rẹ̀ ní ìpele ìpele. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí a kó nínú àgbá kún ike lítà méjì. Ní ti ọ̀pá magnesium, wáyà àárín rẹ̀ nìkan ni ó kù, kò nípọn ju ẹyọ igi ọwọ̀ kan lọ, pẹ̀lú kókó kékeré kan ní ìdí rẹ̀. Mo fi ọwọ́ àti iná tọ́ọ̀ṣì wo inú àgbá. Àmì ìpẹtà pupa wà níbi méjì, kò sì tíì lu.

Ẹ́límẹ́ǹtì wà nínú fínígà di òwúrọ̀, gbogbo èépá rẹ̀ sì yọ. A fi rọ́bà tuntun àti ọ̀pá magnesium tuntun sí i, a sì ń di nọ́ọ̀tì rẹ̀ ní ìdojúkọra, díẹ̀ níhìn-ín, díẹ̀ lọ́hùn-ún, kí àwo náà lè jókòó déédéé. A jẹ́ kí omi kún títí ó fi ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ láìsí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀ kí a tó tan iná, torí oníná náà ní ẹ́límẹ́ǹtì tí a bá tan níbi tí kò sí omi lè jó láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kí a sì padà sídìí iṣẹ́. Ìṣẹ́jú 87 ni ó lò, omi dé 59°C láti 25°C, iná kékeré kú nítorí pé thermostat gé e, bọ́tìnì pupa sì wà ní ipò rẹ̀. Kò sí ìró kankan nínú àgbá náà mọ́.

Ìbéèrè kan ni ó kù. Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé ooru ni ó ń mú ẹfun já sílẹ̀, ṣé kí n kúkú fi ìlà òṣùwọ̀n sí 45°C kí ẹfun lè dín kù?

Alájọgbé béèrè:

Ẹ foríjì mí pé mo dá sí i. Tèmi kò ní bọ́tìnì tí ń fò. Bíréékà tí ń mọ̀ bí iná bá ń jò sílẹ̀ ni ó máa ń já, lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo bá tan án. Mo fi mítà wò ó láti ẹ́límẹ́ǹtì sí ara àgbá nígbà tí ó tutù, kò rí nǹkan kan. Kí ni ó lè fà á?

Oníná Àtijọ́ dáhùn:

Alájọgbé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ẹ́límẹ́ǹtì yín ti sán lára. Omi díẹ̀ ti gba ojú ibi tí ó sán wọlé, bí ó bá sì ti gbóná ni ojú náà ń là sí i tí iná fi ń rí ọ̀nà bọ́ sínú omi. Bátìrì kékeré ni mítà lásán ń lò, agbára rẹ̀ kò tó láti tú irú àléébù bẹ́ẹ̀ fó. Ẹ jẹ́ kí oníná fi ẹ̀rọ tí ń fi 500 fólítì dán nǹkan wò dán an wò, pàápàá nígbà tí ó ṣì gbóná, lẹ́yìn tí ó bá ti yọ wáyà kúrò lára rẹ̀. Ẹ́límẹ́ǹtì tuntun ni ẹ ó rà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi bíréékà lásán rọ́pò èyí tí ń já yẹn, torí òun ni ó wà láàárín yín àti iná nígbà tí ẹ bá wà lábẹ́ omi.

Aṣepáìpù dáhùn:

Onílé Kejì, ẹ kú iṣẹ́ gan-an. Ẹ má gbé e sí 45°C. Òótọ́ ni pé ẹfun yóò dín kù, ṣùgbọ́n láàárín 20°C sí 45°C ni kòkòrò Legionella ti ń pọ̀ sí i, inú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sì ni ó fẹ́ràn láti máa gbé. Bí ènìyàn bá fa ìkùukùu omi tí ó ní kòkòrò yìí símú nídìí ìwẹ̀, ó lè fa àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tí ó le, pàápàá fún àgbàlagbà. Ní 60°C, kò lè yè pẹ́. Ẹ fi í sílẹ̀ ní 60°C.

Ṣùgbọ́n omi 60°C lè bó awọ àgbàlagbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún, ti ọmọdé kò sì tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí ọmọ kékeré bá wà nílé, ẹ ní kí wọ́n fi fáàfù tí ń po omi tútù mọ́ gbígbóná sí ojú ọ̀nà tí ó lọ sí ilé ìwẹ̀, kí ohun tí yóò dé ọ̀dọ̀ yín má kọjá nǹkan bí 43°C. Pẹ̀lú iye ẹfun tí ẹ kó jáde yìí, ẹ má jẹ́ kí ó pé ọdún méjì mọ́. Ẹ tú u wò lẹ́yìn ọdún kan; bí magnesium bá ti dín sí ìdajì, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ nígbà náà, kí ẹ sì fi iná tọ́ọ̀ṣì wo ojú méjì tí ó pọ́n yẹn bóyá wọ́n ti fẹ̀ sí i.